Fọ́tò Yíyà Ní Ìdí Ọkọ̀: Abèèrè Kì Í Ṣìnà

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Rélùwéè

  Àwọn tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ láti ìgbà tí ìwé wa ti jáde gbẹ̀yìn, a bá yín yọ̀. Àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kí Ọlọ́run tù yín nínú, kí ó sì jẹ́ kí ó jìnnà síra. Orúkọ wọn lẹ́sẹẹsẹ wà ní ojú ìwé Ìròyìn Ìdílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fò ó.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ti fẹ́rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Ọmọkùnrin kan láàrin wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè. Bí ó ti rí ẹ́ńjìnnì tí ó ń bọ̀, ó yọ fóònù, ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Kò tíì dá fóònù padà sápò tí ẹ̀ṣọ́ kan fi gbá a lọ́wọ́ mú. Wọ́n bi í pé ta ni ó rán an, kí ni ó fẹ́ fi àwòrán náà ṣe, ta ni ó sì fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí. Láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni baba rẹ̀ fi ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ìpàdé, apá kan ní kí ẹgbẹ́ ṣe òfin pé ọmọ wa kankan kò gbọdọ̀ ya fọ́tò ọkọ̀ mọ́, ìbáà ṣe ti ojú irin, ti òfúrufú tàbí ti ojú omi. Apá kejì fàáké kọ́rí pé nítorí a jẹ́ àlejò ni wọ́n ṣe fi ìyà jẹ ọmọ wa, wọ́n ní kí a kọ ìwé ẹ̀sùn.

Èmi kò sí lẹ́yìn apá kankan nínú méjèèjì, n óò sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé fọ́tò ọkọ̀ yíyà kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ aláìníṣẹ́. Kárí ayé ni àwọn ènìyàn pàtàkì fi ń ṣe é, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sì máa ń dá ọjọ́ fún wọn, wọn a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu pé kí ará ìlú wá wo bí a ti ń ṣe ẹ̀rọ. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Derby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ ní Litchurch Lane, láti 1876 ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ojú irin nínú ọgbà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Alstom ló ni ín báyìí. Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 1825 ni wọ́n ṣí rélùwéè Stockton àti Darlington, tí George Stephenson fúnra rẹ̀ wa ẹ́ńjìnnì tí à ń pè ní Locomotion. Nítorí náà, ní 2025 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọ̀dún 200 ọdún rélùwéè. Alstom kò jókòó lásán. Ní ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n ṣí ọgbà Derby fún gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti tó nǹkan bí 50 ọdún tí ará ìlú ti wọ ibẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì, kẹ̀kẹ́ èrò àti kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n kó jọ lé ní 140, àti èyí tí ó ń jẹ èédú àti èyí tí ó ń lo iná mànàmáná. Àwọn ènìyàn tí ó wá wò ó tó ọ̀kẹ́ méjì, èyíinì ni 40,000. Bàbá gbé ọmọ lé èjìká, ìyá gbé oúnjẹ lọ́wọ́, kámẹ́rà sì wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Rélùwéè nìkan kọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, oṣù karùn-ún ni wọ́n máa ń ṣe ọjọ́ ìbí èbúté wọn, tí wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 1189. Ọkọ̀ ojú omi oríṣiríṣi a péjọ, òmíràn a sì jẹ́ kí ará ìlú gòkè wọ inú rẹ̀. Ní Fairford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ òfúrufú àwọn ológun láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ a máa wá fi ara wọn hàn, èrò a sì dúró lẹ́yìn okùn, wọn a máa yà wọ́n.

Ẹ ṣàkíyèsí okùn yẹn o. Nínú okùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ ilẹ̀kùn ṣíṣí kì í ṣe ọjọ́ tí ilé di ti gbogbo ayé. Onílé ló dá ọjọ́, onílé ló fi ọ̀nà hàn, onílé ló sì na okùn sílẹ̀ pé ẹ dé ibí, ẹ má kọjá ibẹ̀.

Èkejì, àwọn tó ní torí pé a jẹ́ àlejò ni, ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní 2001, ènìyàn mẹ́rìnlá, Gẹ̀ẹ́sì méjìlá àti ará Họ́láǹdì méjì, rìnrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Gíríkì. Ìfẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wo ọkọ̀ òfúrufú, kí wọ́n sì máa kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ti ń kó sítáǹbù jọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá, wọ́n lọ sí bárékè àwọn ológun òfúrufú ní Kalamata. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún ará ìlú sì ni! Síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú wọn. Àwọn ológun wo ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, wọ́n ní amí ni wọ́n. Obìnrin kan ṣoṣo ni ó wà nínú wọn, ọkọ rẹ̀ ni ó sì bá lọ. Wọ́n lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó gba onídùúró wọn. Ní oṣù kẹrin 2002, ilé ẹjọ́ dá àwọn mẹ́jọ lẹ́bi ẹ̀sùn amí, ó ní kí wọ́n lọ ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ó ní àwọn mẹ́fà yòókù ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún wọn, ṣùgbọ́n ó so ó rọ̀. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìgbà tí ó di oṣù kọkànlá 2002 ni adájọ́ tó dá gbogbo wọn sílẹ̀ pé wọn kò jẹ̀bi. Ọdún kan gbáko ni ìrìn-àjò ìgbafẹ́ fi di ti kóòtù.

Ẹ̀yin ará, Òyìnbó ni wọ́n, Òyìnbó ni ẹni tí ó mú wọn. Kì í ṣe àwọ̀ ara, kì í sì í ṣe èdè. Ohun tí ó fa wàhálà ni pé ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnubodè kò mọ̀ pé irú eré bẹ́ẹ̀ wà láyé. Lójú tirẹ̀, ta ni yóò fi owó ara rẹ̀ rìn láti òkèèrè wá kọ nọ́ńbà ìdí ọkọ̀, bí kì í bá ṣe pé ẹnìkan bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Ẹ̀ṣọ́ tí ó di ọmọ wa mú, irú ojú yẹn ni ó fi wò ó.

Ẹ̀rù tirẹ̀ sì ní ìdí. Gbogbo wa ni a rántí ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2022, tí àwọn oníṣẹ́ ibi kọlu ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Abuja bọ̀ wá sí Kaduna. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó ènìyàn lọ, ọkọ̀ náà kò sì tún rìn títí di oṣù kejìlá ọdún náà. Ẹ̀ṣọ́ tí ó ti gbọ́ irú èyí kò ní rí ọmọ àjèjì tí ó ń ya ojú irin kí ó máa rẹ́rìn-ín sí i. Òfin àṣírí ìjọba tí a ṣe ní Nàìjíríà ní 1962 pàápàá dárúkọ ibi tí ìjọba ń dáàbò bò, ó sì ka fọ́tò yíyà níbẹ̀ láti fi pa ìlú lára sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Bárékè sójà, pápákọ̀ òfúrufú àwọn ológun àti èbúté àwọn ológun ojú omi, ibi tí ènìyàn kì í yọ kámẹ́rà sí láìgba àṣẹ nìyẹn. Bí kò bá dá yín lójú nípa ibì kan, ẹ bi ọ̀gá ibẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ẹ̀kẹta, àwọn tó ní kí a fi òfin dè é pátápátá, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ tiyín. Bí a bá ní kí ọmọ má yà á rárá, yóò lọ yà á ní kọ̀rọ̀, níbi tí àgbà kankan kò sí. Kọ̀rọ̀ ni ewu wà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 2016, ẹ́ńjìnnì olókìkí nì, Flying Scotsman, tí wọ́n ṣe ní Doncaster ní 1923, jáde ní London láti lọ sí York lẹ́yìn tí wọ́n ti tún un ṣe fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ó súnmọ́ St Neots, dandan ni kí wọ́n dá a dúró, nítorí pé ènìyàn bí 60 ti ya wọ orí irin láti yà á ní fọ́tò. Ọkọ̀ mìíràn tí ó wà lójú ọ̀nà dúró pẹ̀lú. Ọpẹ́ ni pé kò sí ẹni tí ó kú. Iṣẹ́ rélùwéè ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ kí gbogbo òbí mọ èyí: ọkọ̀ ojú irin kò mọ ọ̀nà yà. Bí dírẹ́bà rí ọmọ lórí irin, tí ó sì fa ìjánu rẹ̀ tán pátá, ọkọ̀ tí ó ń sáré lè rìn ju máìlì kan lọ kí ó tó dúró. Ẹni tí ó fi ojú sínú kámẹ́rà kò sì mọ bí ohun tí ó ń bọ̀ ti súnmọ́ ọn tó. Èyí tí ó tún burú ni pé ó lè máa wo ọkọ̀ tí ó ń ti iwájú bọ̀, kí òmíràn máa ti ẹ̀yìn bọ̀ lórí irin kejì.

Nítorí náà, kí a kọ́ wọn ni ó dára, kì í ṣe kí a kàn dè wọ́n. Ohun tí n óò sọ nìyí fún ọmọ tí ó bá fẹ́ràn fọ́tò ọkọ̀.

Kọ́kọ́ gba àṣẹ, kí o sì mú àgbà dání. Sọ orúkọ rẹ, sọ ilé rẹ, sọ ohun tí o fẹ́ fi àwòrán náà ṣe. Bí wọ́n bá ní rárá, dúpẹ́, kí o sì yí padà. Má ṣe yà ẹ̀ṣọ́ tàbí ìbọn. Má ṣe kọjá ìlà tí wọ́n fà sí etí ibi tí èrò ń dúró sí. Má fi ẹsẹ̀ kan irin láéláé.

Bí àyè bá wá ṣí sílẹ̀, tètè dé. Ní Òkè Ọya níbí, oòrùn ọ̀sán a máa wà ní àtàrí, gbogbo abẹ́ ẹ́ńjìnnì a sì dúdú bí inú ìkòkò; ènìyàn kò ní rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ. Má dúró sí iwájú gangan, má sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ gangan. Igun ni kí o dúró sí, kí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lè hàn papọ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì bá dúdú, kámẹ́rà yóò rò pé ilẹ̀ ti ṣú, yóò gba ìmọ́lẹ̀ jù, èéfín àti ojú ọ̀run yóò sì funfun báláú. Dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀. Ní ti ọkọ̀ òfúrufú, èyí tí kò ní abẹ̀bẹ̀ fẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí kí ó sì pa kíákíá, bí ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n bí o bá lo ìyẹn fún ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yóò dúró gbagidi nínú àwòrán bí ẹni pé ẹ̀rọ ti kú lójú òfúrufú. Ìdá kan nínú 125 tàbí 250 ni ó yẹ fún un, kí a lè rí i pé ó ń yí. Bí ọ̀nà ọ̀dà bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ yóò máa jó, ọkọ̀ tí ó wà lókèèrè yóò sì wọ́ bí ohun tí a wò nínú omi. Kò sí kámẹ́rà olówó ńlá tí ó lè tún ìyẹn ṣe. Àfi kí a súnmọ́ tòsí bí wọ́n bá gbà, tàbí kí a wá ní òwúrọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ní tirẹ̀ tóbi ju ohun tí ènìyàn lè yà ní èbúté ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìsọdá omi ni kí o lọ, kí gbogbo rẹ̀ lè wọ inú àwòrán, kí o sì jẹ́ kí ọkọ̀ kékeré kan tàbí ènìyàn wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí yóò wò ó lè mọ bí ó ti tóbi tó.

Mo fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn: kí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ní nọ́ńbà, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ní ìwé, a kò ní ṣe aláìmọ ọdún tí a ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ni dírẹ́bà? Ta ni ó ń da èédú sínú iná? Ta ni ó ń fi fìlà àti àsíá dúró ní etí irin? Èyí kan àwa gan-an. Ọ̀nà irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó dé Jẹ́bà ní 1909, òun ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa wá sí ìhà ibí. Irin dé Kano ní 1911, akọ̀wé, káfíńtà, alágbẹ̀dẹ àti oníṣòwò láti ilẹ̀ Yorùbá sì tẹ̀lé e. Ní Èbúté-Mẹ́ta, ilé Jaekel tí wọ́n kọ́ ní 1898 ti di ibi ìrántí rélùwéè. Ẹgbẹ́ Legacy tún un ṣe, wọ́n sì kó fọ́tò àtijọ́ síbẹ̀. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò àwọn baba tiwa, inú àpótí àwọn ìyá wa ni ó wà, níbi tí kòkòrò ti ń jẹ ẹ́.

Láìpẹ́ yìí ni mo wo irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní ilé opó kan. Mo rí fọ́tò ọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n tò síwájú ẹ́ńjìnnì, aṣọ iṣẹ́ lára wọn, ojú wọn le koko. Ìyá náà fi ìka kan ọkọ rẹ̀. Ó mọ ẹni tí ó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù, kò mọ wọ́n. Kò sí ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sì hàn kedere bí ọ̀sán! Ọmọ àwọn mẹ́rin wọ̀nyí lè wà nínú ẹgbẹ́ wa, kí wọ́n máa bá wa jókòó ní ìpàdé, kí wọ́n má sì mọ̀ pé ojú baba wọn ń bẹ nínú àpótí ẹlòmíràn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí, ó sì jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́, dípò ìwé ẹ̀sùn, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwé ìtọrọ sí àwọn ọ̀gá rélùwéè pé kí wọ́n dá ọjọ́ kan fún àwọn ọmọ ìlú yìí, tàwa tonílé, láti wá wo ẹ́ńjìnnì àti ilé àtúnṣe, kí ẹ̀ṣọ́ mú wọn yípo, kí wọ́n sì ya fọ́tò níbi tí a bá fi hàn wọ́n. Ọmọ onílùú fẹ́ràn ọkọ̀ bí ọmọ tiwa. Bí wọ́n bá jọ lọ, kò sí ẹni tí yóò pe ẹnìkan ní amí. Kí ọmọkùnrin tí wọ́n dá dúró yẹn sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí yóò lọ.

Èkejì, kí olúkúlùkù mú fọ́tò iṣẹ́ baba tàbí ìyá rẹ̀ wá sí ìpàdé tí ó ń bọ̀: ti rélùwéè, ti èbúté, ti pápákọ̀ òfúrufú, ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ yòówù. Kí a tò wọ́n sórí tábìlì, kí àwọn àgbà wò wọ́n, kí a sì fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sí ẹ̀yìn wọn jẹ́jẹ́. Kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù wọn yà á, ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kí onífọ́tò sì mú tirẹ̀ lọ sílé ní ọjọ́ náà gan-an. Àwọn tí ó lè dá ojú wọ̀nyẹn mọ̀ kò pọ̀ mọ́ láàrin wa, ojú ìwé Ìròyìn Ìdílé sì ń fi hàn wá lóṣooṣù pé wọ́n ń dín kù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí ẹ̀ṣọ́ tó bá wọn sọ ọ́. Ẹ kí àwọn ará ilé fún mi. Ó di ìgbà mìíràn, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Rélùwéè